Ìdí Ìbọn Ọdẹ: Kí Ni Ká Fi Rọ́pò Èyí Tó Ṣẹ́?

Ọjọ́ ọjà ni, oòrùn kò sì tíì gun òkè tán, nígbà tí bàbá ọlọ́dẹ kan tó ti kọjá ọgọ́ta ọdún yà sí ilé àgbẹ̀dẹ kan ní Ṣakí, ó sọ ẹrù èjìká rẹ̀ kalẹ̀, ó tú aṣọ tó fi wé e, ó sì tẹ́ ìbọn ṣakabùlà kan síwájú àwọn tó wà níbẹ̀ bí ẹni tó gbé aláìsàn dé iwájú oníṣègùn. Ọ̀pá irin rẹ̀ ń dán, ìpata kò sí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tó gbé irin náà ti là láti ọrùn dé ẹ̀yìn apátí, wọ́n sì ti fi wáyà àti rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dì í ní àdìtúndì, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ká a mọ́.

“Bàbá, àrìnpa o,” ni alágbẹ̀dẹ wí, ó sì tẹrí ba.

“Ògún á gbè wá, ọmọ mi. Bàbá tó bí mi ló ni ọ̀pá ìbọn yìí. Irin rẹ̀ kò já mi kulẹ̀ rí, igi rẹ̀ ni kò fẹ́ bá mi dalẹ́.”

“Ṣé báyìí náà lẹ ṣe ń yìn ín, pẹ̀lú wáyà lára?”

“Mo yìn ín bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì ló fún mi ní èyí,” ni bàbá náà dáhùn, ó sì fi ìka kan àpá kékeré kan tó wà lábẹ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún.

Alágbẹ̀dẹ tú wáyà náà, ó fi èékánná tọ àwọn ìlà tín-ín-rín tó wà lára igi, ó sì mi orí. Àwọn ìlà wọ̀nyí, tí í ṣe iṣan igi, kò bá gígùn ìbọn lọ. Ńṣe ni wọ́n dábùú ọrùn rẹ̀, ibi tí wọ́n sì ti dábùú gan-an ni igi ti là. Ó ní kò sí wáyà tó lè wo èyí sàn, ìdí mìíràn ni kí bàbá wá kiri. Òun fúnra rẹ̀ kò sì lè gbẹ́ ẹ, nítorí bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀: irin ni iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, igi di ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà.

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ti fi ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn, ìbọn ọdẹ tún ti di ohun tí ojú ń rí lójú pópó, kì í ṣe nínú igbó nìkan. Bí ó sì ti ń jáde bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè kan ń tẹ̀ lé e láàárín àwọn ọlọ́dẹ tí kò lówó lọ́wọ́: igi ni àbí ike, èwo ló dín owó, èwo ló sì ń pẹ́? Lójú tèmi, ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣíwájú. Kí a kọ́kọ́ wo bí iṣan igi ṣe lọ, bí igi ti gbẹ tó, àti bí ìdí náà ṣe jókòó sára irin àti sí èjìká ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá kọ àwọn wọ̀nyí sílẹ̀, tó ń lé ẹ̀dínwó kiri, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò ra ìdí ìbọn kan ṣoṣo.

Irin a máa pẹ́ ju igi lọ

Ohun tí à ń pè ní ìdí ìbọn kì í ṣe ìdí nìkan. Àtẹ́lẹ̀ kan wà tó gbé ọ̀pá irin lọ síwájú, ọrùn wà tí ọwọ́ ń dì mú, ẹ̀yìn wọn ni ìdí gbòòrò tó ń fara ti èjìká wà. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, tí ọta ń lọ síwájú, tí ìbọn sì ń ta sẹ́yìn, ọrùn yìí, tó jẹ́ ibi tó tín-ín-rín jù lọ, tí wọ́n sì tún ti gbẹ́ inú rẹ̀ kí irin apátí lè ráyè wọlé, ni gbogbo agbára náà ń gbà kọjá. Òun ló fi jẹ́ pé nínú ìbọn mẹ́wàá tí igi rẹ̀ bá bàjẹ́, ọrùn ni wọn yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa kò sì ṣojúure sí igi. Ní ìgbà òjò, igi a mu ọ̀rinrin, a sì wú. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ètè ń là, tí ẹsẹ̀ ń sán, igi náà a sọ omi rẹ̀ nù, a sì súnkì. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tàbí kúrú, fífẹ̀ rẹ̀ ni ó ń yí padà. Irin tó jókòó sínú rẹ̀ kò bá a wú, kò bá a súnkì. Nítorí náà, lẹ́yìn òjò àti ọyẹ́ mélòó kan, àlàfo yóò yọ láàárín àwọn méjèèjì, ìbọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu igi ara rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá yìn ín.

Ọ̀gá kan tó ti ń tún ìbọn ṣe ní Ìbàdàn láti ìgbà èwe rẹ̀ ní ọ̀tá kan wà tí àwọn ọdẹ kì í fura sí, òun náà ni òróró. “Wọ́n á da òróró ẹ́ńjìnnì sí irin kó má baà dípẹtà, wọ́n á wá fi ìbọn ti ògiri, ẹnu rẹ̀ lókè, ìdí rẹ̀ nílẹ̀,” ni ó wí. “Láti alẹ́ di òwúrọ̀, òróró ń ṣàn sínú ọrùn. Ẹ wo ibi tó bá ti dúdú lẹ́yìn apátí, kí ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bó bá jìn, ó ti rà nìyẹn.” Ìmọ̀ràn rẹ̀ kò náni ní kọ́bọ̀: kí ọdẹ nu òróró tó bá ṣẹ́kù kúrò, kó sì dojú ẹnu ìbọn kọlẹ̀, nígbà tí kò bá sí ohunkóhun nínú rẹ̀, kó tó gbé e pamọ́.

Àwọn igi igbó wa

Bí a bá bi àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ léèrè irú igi tó yẹ ìbọn, orúkọ tó sábà máa ń jáde lẹ́nu wọn ni apá. Igi pupa rúsúrúsú ni, ó wúwo, ó le, kì í wú tàbí súnkì púpọ̀ bó bá ti gbẹ tán, ìkán kì í sì í fẹ́ràn ọkàn rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń dá ọwọ́ agbẹ́gi lágara, ọdẹ tí yóò gbé e rìn lóru mọ́jú yóò sì mọ̀ pé òun gbé nǹkan. Síbẹ̀, ìwúwo yẹn ní èrè tirẹ̀, torí ìbọn tó wúwo kì í ta sẹ́yìn tó èyí tó fúyẹ́.

Ìrókò Olúwéré, baba igi tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àgbà tí ń ba ọmọdé, sún mọ́ apá ní pípẹ́, kò sì wúwo tó o. Ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ a máa lọ́ mọ́ra wọn, àwọn mìíràn a tiẹ̀ ní òkúta líle nínú, tí í ṣá ẹnu ìfági lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gànwó rọrùn gbẹ́, ó fani mọ́ra lójú, ó sì dára fún ìbọn tí kò ní agbára púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ rọ̀, tí ó tètè ń gba àpá. Tííkì, tí àwọn onígbó ọba gbìn káàkiri, ní òróró tirẹ̀ nínú, omi kì í sì í tètè ràn án. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ ẹ́ pọ̀ nìkan ni kó kọ́kọ́ fi sípírítì nu ojú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gúlúù kò ní mú un.

Àwọn méjì kan wà tí mo fẹ́ kí ọdẹ yẹra fún láìwo ẹ̀yìn. Èkínní ni ọmọ, igi tí a fi ń gbẹ́ ìlù; ó fúyẹ́, ó ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n ara ìlù ni iyì rẹ̀ mọ, kò sí ní ọrùn ìbọn. Èkejì ni mẹ̀láínà, tí ó ń yára dàgbà, tí ó pọ̀ lọ́jà, tí káfíńtà tó fẹ́ tètè gbowó yóò sì fi lé oníbàárà lọ́wọ́ pé “kò sí ìyàtọ̀.” Ìyàtọ̀ wà.

Irú igi nìkan kò sì tó. Nínú igi kan náà, apá ibi tó sún mọ́ èèpo, tó funfun, ni kòkòrò ń wá. Ọkàn rẹ̀ tó pọ́n ni a ń fẹ́. Iṣan rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú ọrùn kọjá tààrà láìjá sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá gbé pákó wá, kí oníbàárà ní kí ó fi ẹfun ya àwòrán ìbọn sí i lára, kí àwọn méjèèjì jọ wo ibi tí àwọn ìlà ń gbà ní ọrùn kí àáké tó kàn án. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, òun ni ìbá sì gba bàbá wa ti Ṣakí lọ́wọ́ àpá ojú.

Àwọn àgbà ní igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó, a sì ti rí òtítọ́ rẹ̀ láyé wa. Apá àti ọ̀gànwó tó tọ́ ti bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ, àwọn kan di ilẹ̀kùn, àwọn kan di ẹrù ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Panama ní ọdún 2022 lórí òwò àwọn ohun abẹ̀mí tó ń ṣọ̀wọ́n, wọ́n fi apá àti ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà sínú ìwé àwọn igi tí a kò gbọ́dọ̀ tà sókè òkun láìsí àṣẹ àkànṣe. Òfin òwò òkèèrè ni èyí, kò dí gbẹ́nàgbẹ́nà abúlé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó fi ìdí tí owó igi rere fi ń gun òkè hàn wá.

Níbo wá ni olówó kékeré yóò ti rí i? Nínú ilé àtijọ́ ni. Nígbà tí wọ́n bá wó ilé ayé ijọ́un, àwọn òpó, ìtérígbà àti ilẹ̀kùn apá tàbí ìrókò tó ti ń gbẹ lábẹ́ òrùlé fún ọdún gbọọrọ ni wọ́n sábà ń dáná sun tàbí tà ní ọ̀pọ̀. Igi wọ̀nyí ti wú, wọ́n ti súnkì, wọ́n ti bá òjò àti ọyẹ́ parí ìjà, ohun tó kù ni kí a yẹ ìṣó wò nínú wọn kí a má baà ba ayùn jẹ́. Àjákù pákó tó nípọn ní ọjà pákó Bódìjà, tí kò gùn tó ohun tí àwọn kọ́lékọ́lé ń fẹ́, a máa gùn tó ìdí ìbọn.

Ẹni tí kò bá rí èyí tó ti gbẹ, tútù ni yóò rà, kó sì ní sùúrù. Àwọn bàbá wa a máa gbé irú igi bẹ́ẹ̀ sórí àjà lókè ààrò, níbi tí èéfín yóò ti lé kòkòrò, tí ooru yóò sì fa omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Ìsẹ́yìn sọ bí òun ṣe ń mọ èyí tó gbẹ: òun a gbé e sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta gààrí, òun a kọ iye rẹ̀ sí i lára, òun a sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù kan. Bó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá yí padà mọ́ ni òun ń mú àáké.

Ohun tí ogun fi kọ́ àwọn Òyìnbó

Kì í ṣe àwa nìkan ni igi rere ti wọ́n fún rí. Wọ́nọ́ọ̀tì, igi kan tí kò bá asálà wa tan bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èso wọn jọra, ni àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbà ní ọba igi ìbọn, nítorí pé ó le láìwúwo jù, tí ó sì rọ agbẹ́gi lọ́rùn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì (1939–1945) ń gbẹ̀mí, tí ìbọn tí wọ́n ń ṣe ju igi tó gbẹ lọ, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi igi bíìṣì (beech) àti igi bọ́ọ̀ṣì (birch) ṣe ìdí Lee-Enfield wọn. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n la igi sí pẹlẹbẹ tín-ín-rín, wọ́n lẹ wọ́n lé ara wọn, wọ́n fún wọn pọ̀, wọ́n sì gbẹ́ ìdí Mauser Kar98k láti ara rẹ̀.

Ohun tí ìnira bí yìí dára ju bí wọ́n ti rò lọ. Igi àlẹ̀pọ̀ kì í tètè lọ́, torí bí pẹlẹbẹ kan bá fẹ́ yí sí ọ̀tún, èkejì rẹ̀ a dá a dúró. Ó wúwo díẹ̀ ni àbùkù rẹ̀. Ìdí ìbọn ọdẹ tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ń rà lónìí láàárín igi odindi àti ike, irú èyí ni.

Ọmọ káfíńtà tó bá mọ iṣẹ́ lè ṣe irú rẹ̀ níbí: kí ó mú pákó apá gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta, kí iṣan gbogbo wọn dojú kọ ọ̀nà kan náà, kí ó fi gúlúù alápòpọ̀, èyí tí à ń po omi méjì rẹ̀ mọ́ra wọn, lẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má lọ gé pílaíwúùdù tí wọ́n fi ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù. Nínú pílaíwúùdù, pẹlẹbẹ kan gùn, èkejì rẹ̀ dábùú. Ìyẹn ni pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni kò ní ṣe ọrùn ìbọn láǹfààní kankan.

Ike ńkọ́?

Ní ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ Remington ní Amẹ́ríkà gbé ìbọn kan jáde tí wọ́n pè ní Nylon 66, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ike láti òkè délẹ̀. Àwọn ọdẹ kan rẹ́rìn-ín nígbà náà, wọ́n ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Láti ìgbà náà, ike ti di ohun gbogbogbòò.

Ire rẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́. Òjò kì í mú un wú, ọyẹ́ kì í mú un là, ìkán kì í jẹ ẹ́. Síbẹ̀, ike ju ike lọ. Èyí tó dín owó jù, tí inú rẹ̀ ṣófo, a máa tẹ̀ níwájú. Bí ọdẹ bá gbé e ti ẹ̀ka igi láti fi wo nǹkan sójú, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ a fara kan ọ̀pá irin, ọta a sì gba ibòmíràn lọ. Ó tún ń dún bí ewéko bá gbá a, ẹran igbó kò sì dití. Èyí tí wọ́n fi fáíbàgíláàsì ṣe kò ní àléébù wọ̀nyí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lè ju owó ìbọn tí a fẹ́ fi sí lára lọ.

Ìṣòro tó tóbi jù fún ọdẹ ilẹ̀ wa kò tilẹ̀ sí lára ike. Ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe, irú ìbọn kan pàtó ni wọ́n ń ṣe é fún. Bí ihò ìdè bá fi ìwọ̀n ìka kan yẹ̀, kò wúlò mọ́. Ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ kò ní ẹ̀dà. Méjì tó jáde láti inú àgbẹ̀dẹ kan náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà kì í dọ́gba, nítorí náà kò sí ìdí oníke kankan lágbàáyé tó ṣe wẹ́kú fún un. Ọ̀rọ̀ ike, ọ̀rọ̀ oníbọn ilẹ̀ òkèèrè ni, ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, tí orúkọ àti irú rẹ̀ wà ní fínfín lára irin. Òun náà, kí ó ka orúkọ yẹn dáadáa kí ó tó sanwó, kí ó sì fi owó ọkọ̀ kún un kí ó tó sọ pé ó dínwó.

Ohun tí òfin wí

Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Ìjọba náà mọ èyí. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1959, tó ṣì ń ṣiṣẹ́, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì fi ṣakabùlà àti àwọn tí à ń ki láti ẹnu sí ọ̀nà kẹta. Kò sí èyí tí a lè ní láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, òfin náà kò sì fàyè gba ẹni tí kò gba àṣẹ láti máa rọ ìbọn tàbí tún un ṣe. Kí ọdẹ tó gbé tirẹ̀ jáde, kí ó mú ìwé rẹ̀ dání, kí ó sì béèrè ti oníṣẹ́ náà. Mo ti rí ẹni tí iṣẹ́ kékeré yìí sọ di èrò àgọ́ ọlọ́pàá.

Bí ó ṣe ń jókòó

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti Ìsẹ́yìn ní òun kì í wọn igi kí òun tó wọn ènìyàn. Yóò ní kí ọdẹ ká apá rẹ̀ ní ìgbúnwọ́, yóò gbé ìdí ìbọn lé kòtò ìgbúnwọ́ náà, yóò sì wo bóyá ìka ìfábọ̀n rẹ̀ dé ibi apátí ní ìrọ̀rùn. Bó bá gùn jù, aṣọ òtútù yóò máa dì í mú nígbà tó bá ń gbé e sójú. Bó bá kúrú jù, àtàǹpàkò ara rẹ̀ ni yóò máa gbá a nímú. “Ìbọn bàbá kì í ṣe ìbọn ọmọ,” ni ó wí, “àyàfi bí apá wọn bá dọ́gba.”

Lẹ́yìn èyí ni fífi irin sínú igi, ibi tí sùúrù ti ń tán lára àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́. Irin gbọ́dọ̀ fi ara tì níbi tó nípọn, tí igi lè gba agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrù tín-ín-rín tó na sẹ́yìn apátí kò gbọ́dọ̀ kan igi lẹ́yìn rẹ̀ rárá. Àlàfo tó tó bébà nípọn la gbọ́dọ̀ fi síbẹ̀. Láìsí i, ìrù irin yẹn yóò di èèkàn tó ń la igi ní ìlà kan ṣoṣo, ìgbàkígbà tí ìbọn bá dún.

Ohun tí a ó fi kun ún kò wọ́n. Òróró línsíìdì, tí ẹgbẹ́ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ń ra ìbọn wọn nígbà tó ṣì jẹ́ onígi, a máa gbẹ lára igi, a sì di ààbò fún un. A ń fi aṣọ ra á ní fẹ́ẹ́rẹ́, a jẹ́ kó gbẹ, a tún ra á. Àdín àti epo pupa kì í gbẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n a máa dán fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n a di ìdọ̀tí, àwọn èèrà a sì wá.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, kí ọdẹ má gbé e wọ igbó lọ́jọ́ náà. Kí ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní gbangba, níbi tí kò ti sí ènìyàn tàbí ẹran ọ̀sìn, kí ó sì dá a padà fún oníṣẹ́, kí wọ́n tú irin kúrò, kí wọ́n wo inú igi lójú ọ̀sán. Ibi tí irin ti tẹ̀ ẹ́ yóò ti dán. Bí dídán náà bá wà níwájú, níbi tó nípọn, iṣẹ́ ti jókòó. Bó bá wà lẹ́yìn ìrù apátí, kí wọ́n tún ibẹ̀ há sí i kí igi tó bẹ̀rẹ̀ sí í là.